SAT ọmọ yín: ẹ fi ránṣẹ́ àbí ẹ pa á mọ́?

Ìyá Ìbejì Houston
Ẹ kú ilé o. SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ti da ilé wa rú. Ọmọ mi obìnrin gba 1340. Nínú ilé-ìwé márùn-ún tó fẹ́, mẹ́ta ní bó bá wù ú ni kó fi máàkì ránṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ní ká fi ránṣẹ́, pé òun ò sanwó lẹ́sìnnì kí máàkì wá máa sùn nínú dúrọ́ọ̀. Ọmọ fàáké kọ́rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, kí lẹ ṣe?

Bọ̀dá Dallas
Ẹ fi ránṣẹ́ jàre.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Bọ̀dá, ẹ ò tiẹ̀ béèrè ilé-ìwé wo! Ìyá Ìbejì, ilé-ìwé púpọ̀ ló ń gbé ìwé kan jáde lọ́dọọdún, Common Data Set. Ẹ wo abala C9 nínú rẹ̀. Ẹ ó rí nọ́ńbà méjì: nínú 100 ọmọ tó wọlé tó sì fi máàkì ránṣẹ́, 25 ò ju ti ìsàlẹ̀ lọ, 25 sì ju ti òkè lọ. Bó bá ti bọ́ sáàárín, ẹ jẹ́ kó lọ. Bá a ṣe ṣe ti àkọ́bí mi nìyẹn, 1290 ló gba. À ń wo fóònù títí iṣu fi jóná lórí iná. A fi ránṣẹ́ síbì kan, a pa á mọ́ fún ibi méjì. Ọ̀kan nínú méjì yẹn ló gbà á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ parí ti iṣu yẹn ná. Ẹ jẹ ẹ́ àbí ẹ dà á nù?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
A họ ọ́, a jẹ ẹ́.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀
Àwọn nọ́ńbà yẹn ti wú o. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré kì í fi ránṣẹ́, tàwọn tó ga ló kù tí wọ́n ń kà. Nígbà tí ilé-ìwé Dartmouth tún sọ ìdánwò di dandan ní 2024, wọ́n ní àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù ń fi máàkì tí ì bá gbè wọ́n pa mọ́.

Bàbá Brooklyn
Nígbà tiwa, kò sí pé bó bá wù ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Bàbá, láti 1969 ni ilé-ìwé Bowdoin ti ní kò pọn dandan mọ́.

Bàbá Brooklyn
Ní 1969, mò ń yí táyà kiri Iléṣà. Ta ni ì bá sọ fún mi?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, tiwa níhìn-ín yàtọ̀. Ní 2023 tí wọ́n gbé e sórí kọ̀ǹpútà fún àwa tí a ò sí ní Amẹ́ríkà ni mo ṣe é. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n múná lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ò ju 30 nínú 100 lọ. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ onífọ́tókópì tó ní jẹnẹrétọ̀, mo jókòó ti ẹ̀fọn títí aago mọ́kànlá. Mo gba 1480. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ránṣẹ́. Ta ló mọ ilé-ìwé tí mo ti jáde lọ́hùn-ún?

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù Atlanta
Àwa pa 1310 mọ́. Wọ́n gba ọmọ, a jó, a se ìrẹsì. Nígbà tí lẹ́tà owó ìrànwọ́ dé, owó táṣẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí gírédì wọn jọ dọ́gba gba ìlọ́po mẹ́ta. Mo pè wọ́n. Obìnrin tó gbé fóònù ní máàkì wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó yẹn, tiwa sì ṣófo. Mo ní kí n fi ránṣẹ́ báyìí. Ó ní ọjọ́ ti kọjá.

Bọ̀dá Dallas
Háà! Mo sọ!

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Kí lẹ sọ? Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré!

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀
Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, ẹ má bínú, ṣé kò sí lórí wẹ́ẹ̀bù wọn ni?

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù Atlanta
Ó wà níbẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yin máa ń ka ìsàlẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Èmi ò kà á rí láyé mi.

Ìyá Ìbejì Houston
Ẹ ṣeun o. UCLA, ọ̀kan lára ẹ̀ka University of California, wà nínú márùn-ún náà.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀
Ìyẹn ò ní wò ó rárá láti fi gbà á wọlé, kò sí èyí tó ń wò ó nínú University of California.

Ìyá Ìbejì Houston
Ó ku mẹ́rin nìyẹn. A ti rí C9 ti ọ̀kan: 1330 sí 1480. A fi 10 wọlé. Bàbá rẹ̀ ti ń jó nínú pálọ̀, ọmọ ti tilẹ̀kùn mọ́rí.