Kí ni ọmọ ogun orí ilẹ̀ ń ṣe lọ́dọ̀ àwọn ológun òfuurufú?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Boko Haram kọlu ibùdó bàálù Maiduguri ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 2013, wọ́n sì ba hẹlikópítà jẹ́. Àwọn ológun òfuurufú Nàìjíríà ní Regiment tiwọn, tí ìbọn àti ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ wọn. Kí ló dé tí a ò kàn ní kí sójà máa ṣọ́ ibẹ̀?

Èsì 1
Ẹ bi Kíréètì, erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 1941, àwọn ará Jámánì fi paraṣúùtù já sí pápákọ̀ òfuurufú Maleme. Àwọn ológun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ ò kọ́ ìjà orí ilẹ̀ dáadáa, wọn ò sì sí lábẹ́ àṣẹ ọ̀gá ọmọ ogun New Zealand tó ń ṣọ́ òkè tó dojú kọ pápá náà. Okùn tẹlifóònù já, rédíò ò gbọ́ ara wọn. Lóru, àwọn New Zealand fi òkè sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, bàálù akẹ́rù Jámánì ti ń kó ọmọ ogun balẹ̀, bí erékùṣù náà ṣe bọ́ nìyẹn. Ọjọ́ 1 oṣù Kejì 1942 ni àwọn ológun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì (RAF) dá Regiment tiwọn, RAF Regiment, sílẹ̀, kí ẹni tó ni bàálù lè ní àṣẹ lórí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Èsì 2
Ẹ jẹ́ n fi kún un, nítorí ọ̀pọ̀ ló rò pé ìdí wáyà tó yí ibùdó ká ni iṣẹ́ Regiment mọ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì mílímítà 107 ń lọ tó kìlómítà 8. Mísáìlì tí ẹnì kan gbé lé èjìká lè bá bàálù ní nǹkan bíi kìlómítà 4. Bàálù tó ń bọ̀ wá balẹ̀ ńkọ́? Bó bá ku kìlómítà 6, kò ga ju nǹkan bíi mítà 300 lọ, kò sì lè sáré yà. Nítorí náà, inú oko àti abúlé tó wà lábẹ́ ọ̀nà ìbalẹ̀ ni kí wọ́n máa rìn, tọ̀sántòru, kí wọ́n má tọ ọ̀nà kan náà ní aago kan náà. Kí wọ́n mọ baálẹ̀, kí wọ́n mọ darandaran, torí àwọn ló ń kọ́kọ́ rí àlejò. Sójà tí a yá fún oṣù díẹ̀ kò ní ráyè mọ̀ wọ́n, bógun bá sì le níbòmíràn, ọ̀gá rẹ̀ á kó o lọ.

Ìdí wáyà náà kò ṣeé fojú fò o. Ní Camp Bastion, ibùdó ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Afganístàn, lóru ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 2012, ilé ìṣọ́ 24 ló wà, 11 péré ló ní èèyàn. Taliban 15 tó wọ aṣọ ológun Amẹ́ríkà gé wáyà wọlé. Wọ́n ba bàálù ogun Harrier 6 jẹ́ pátápátá kí RAF Regiment àti àwọn Amẹ́ríkà tó borí wọn.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Bí ìjà bá wá parí ńkọ́?

Èsì 2
Bàálù kankan ò gbọdọ̀ gbéra. Ẹ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí ẹ rin ojú ọ̀nà bàálù náà já, kí ẹ ṣa gbogbo irin kúrò: ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì á fa èyí tó kéré bí èékánná wọlé, yóò sì ṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀. Bọ́ǹbù tí kò bú, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ sàmì sí i, ẹ tọ ipa ẹsẹ̀ yín padà, kí ẹ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n tú.