Ṣé dandan ni kí n lọ sọ́dọ̀ onílàjà kí ilé-ẹjọ́ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mi?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará, mo kí i yín. London ni èmi àti àwọn ọmọ mi méjèèjì ń gbé, ó sì ti lé ní oṣù mẹ́jọ tí èmi àti bàbá wọn ti pínyà. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wá mú wọn, ṣùgbọ́n kì í tètè dá wọn padà. Ó máa ń di aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Èyí àbúrò á ti sùn lọ sínú ọkọ̀, àpò ìwé rẹ̀ á sì wà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe dì í, láìsí ẹni tó tú u wò. Mo fẹ́ kí ilé-ẹjọ́ bá wa yan ọjọ́ àti àkókò, àmọ́ wọ́n ní n kò lè fi fọ́ọ̀mù C100, èyí tí a fi ń gbé ọ̀rọ̀ ọmọ lọ sílé-ẹjọ́, sílẹ̀ láìkọ́kọ́ rí onílàjà. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún jókòó máa bẹ̀ mí pé kí n padà sílé ọkọ, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹbí ti ṣe ìyẹn. Ìyá mi náà kò yéé rán mi létí lórí fóònù pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Kí ni kí n ṣe, ta ni yóò sì san owó rẹ̀?

Ìdáhùn kìíní

Arábìnrin mi, ẹ kú ìfaradà. Orúkọ náà, ìlàjà, ló ń ṣi ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́nà, nítorí tí a bá ti gbọ́ ọ, tọkọtaya tí wọ́n fẹ́ dá padà sábẹ́ òrùlé kan la máa ń rò. Onílàjà ti ibí kò bá ti ìgbéyàwó wá, kò sì ní wádìí ẹni tó jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, ilé àti owó ni yóò bá yín sọ. Nígbà tí èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi lọ, kàlẹ́ńdà ni obìnrin náà tẹ́ sórí tábìlì, ó fún wa ní bírò aláwọ̀ méjì, ó ní kí kálukú máa sàmì sí ọjọ́ tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì nìkan gbà wá ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n ibẹ̀ la ti parí rẹ̀.

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní MIAM, níbi tí onílàjà ti ń ṣàlàyé ìlàjà fún yín tó sì ń wò ó bóyá ó bá ọ̀rọ̀ yín mu, ni òfin sọ di dandan ní England àti Wales láti ọdún 2014, ẹ sì lè dá a lọ. Kò sí ẹni tó lè fi ipá mú yín ṣe ìlàjà fúnra rẹ̀.

Ìdáhùn kejì

Lórí owó, láti oṣù Kẹta ọdún 2021 ni ìjọba ti ń fi tó £500 ran ẹbí kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ lórí ìlàjà tó jẹ mọ́ ọmọ, wọn kì í sì í wo iye tí ènìyàn ń gbà lóṣù. Owó yìí kò kan MIAM, ṣùgbọ́n bí owó tó ń wọlé fún ọ̀kan nínú yín bá kéré débi pé ó yẹ fún legal aid, ìyẹn owó tí ìjọba fi ń ranni lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ òfin, ẹ̀yin méjèèjì kò ní san owó MIAM. Ẹ bi onílàjà léèrè kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì rí i pé Family Mediation Council, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń mójú tó àwọn onílàjà, fọwọ́ sí i.

Síbẹ̀, inú mi kò dùn sí ètò yìí tán. Ní 2013 ni ìjọba dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ owó agbẹjọ́rò dúró fún àwọn òbí tó pọ̀ jù lọ, ìwé àdéhùn tí ẹ bá sì ṣe lọ́dọ̀ onílàjà kò ní agbára òfin àfi bí adájọ́ bá sọ ọ́ di àṣẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó parí sórí ìwé lásán.

Ìdáhùn kẹta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí tí mo bá béèrè: ṣé bàbá wọn ti nà yín tàbí dẹ́rù bà yín rí? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì ní ẹ̀rí lọ́dọ̀ dókítà tàbí ọlọ́pàá, òfin yọ yín kúrò nínú MIAM. Nítorí irú èyí ni ìjọba ṣe pa èrò láti sọ ìlàjà fúnra rẹ̀ di dandan tì ní 2024. Yàtọ̀ sí ìyẹn, onílàjà lè fi yín sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó máa lọ kó máa bọ̀ láàárín yín.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Kò nà mí rí. Aago ni ìjà wa. Mo ti gba àyè fún MIAM ní ọjọ́rú tó ń bọ̀, mo sì ti yọ kàlẹ́ńdà iléèwé àwọn ọmọ sílẹ̀ láti mú dání.