Bíà tí a tọ́ wò dáadáa: ẹ sọ ìrírí tiyín

Ará Ajílósùn, Adó-Èkìtì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ bíà, kì í ṣe ti ìmutípara. Èmi máa ń fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ife kí n tó gbé e mì, ìyẹn làwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe sọ mí ní Atọ́tíwò. Wọ́n ní kí n tó gbóòórùn ìgò kan tán, àsun ti tán lórí tábìlì.

Ohun tí mo gbà rèé, ẹ bá mi jiyàn sí i bẹ́ ẹ bá fẹ́: ahọ́n ọmọ Èkìtì ti kọ́ ẹ̀kọ́ bíà tipẹ́. Ẹni tó ń fi ọbẹ̀ ewúro jẹ iyán, tó ń jẹ orógbó láì fajú ro, tó mọ ẹmu òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ẹmu àná, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ nípa kíkorò àti kíkan? Yìnyín ló ń bá wa jà. A ti jẹ́ kí fíríìjì gba iṣẹ́ ahọ́n ṣe. Bí bíà bá tutù débi pé ó fẹ́ẹ́ dì, ìyàtọ̀ wo lẹ tún fẹ́ mọ̀ láàárín ìgò kan àti èkejì?

Brussels, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ni ọ̀rọ̀ yìí ti dá mi lójú. Iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Wọ́n mú wa lọ sí Cantillon, ilé ìpọntí tó ti wà láti ọdún 1900. Wọn kì í bu ìwúkàrà sí ọtí wọn. Wọ́n á da omi ọkà gbígbóná sínú ọpọ́n bàbà kan tó fẹ̀ tí kò jìn, lókè àjà lọ́hùn-ún, wọ́n á fi sílẹ̀ mọ́jú kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i. Ohun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ ni yóò bọ́ sínú ẹ̀ tí yóò sọ ọ́ di ọtí. Wọn kì í pọn ọ́n nígbà ooru, torí ooru a máa kó kòkòrò burúkú wọ̀ ọ́. Àárín Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kẹrin ni. Lẹ́yìn náà ó di inú àgbá onígi. Èyí tó ti lo ọdún kan, èyí tó ti lo méjì àti èyí tó ti lo mẹ́ta ni wọ́n ń lú pọ̀ kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò, ibẹ̀ ni yóò ti tún hó. Gueuze ni wọ́n ń pè é.

Mo gbé e sẹ́nu. Ó kan! Àwọn tí a jọ lọ ń fajú ro, èmi ń rẹ́rìn-ín. Ẹmu ọ̀pẹ tó sùn mọ́jú nínú kèrègbè ni mo bá pàdé níbẹ̀, èyí tó ti ń kan ṣùgbọ́n tí kò tíì bàjẹ́. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì gbà ṣe é. Adẹ́mu wa náà kì í bu ìwúkàrà sí nǹkan kan. Ara kèrègbè àti inú afẹ́fẹ́ ló ti ń wọ inú ẹmu. Tiwọn kàn wọ́n ju tiwa lọ ni, ó wọ́n gan-an. Ọtí náà ò tutù ju omi àmù lọ, síbẹ̀ òórùn ẹ̀ gba gbogbo orí tábìlì: òórùn igi, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́, òórùn yàrá tí wọ́n ti tì pa tipẹ́.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ra ọtí dúdú, mo máa ń gbé e kúrò nínú fíríìjì kó jókòó díẹ̀ kí n tó ṣí i. Ẹ dán an wò. Ọtí dúdú ni mo sọ o. Làgà, bíà aláwọ̀ wúrà yẹn, tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ò dáa, ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ mu ún.

Ìyá Ọlọ́tí, Ìkẹ́rẹ́

Atọ́tíwò, o ṣeun, o ti rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lò ń bá mi ra epo sí jẹnẹrétọ̀.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ta ọtí lójú ọ̀nà Adó yìí. Oníbàárà kì í kọ́kọ́ wo orúkọ ara ìgò. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló máa fi kàn án. Bí kò bá ti rí omi tó ń ṣẹ́ lára ẹ̀, á ní, "Mà mi, èyí ò tutù, ẹ pààrọ̀ ẹ̀." Trophy tí gbogbo wọn fẹ́ràn, tí wọ́n ti ń pọn ní Iléṣà nítòsí wa níbí láti 1978, ẹnì kan ò ní fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti mú iná lọ láti àárọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n máa yà sí.

Ti ọtí dúdú, mo gbà fún ẹ. Àwọn bàbá kan wà tí wọ́n máa ń dìídì sọ pé kí n gbé èyí tí kò wọ fíríìjì wá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ nínú wọn. Mo ti rò pé eyín ló ń dùn wọ́n, àfìgbà tí ọ̀kan da díẹ̀ sí ife fún mi. Kíkorò ẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni nǹkan kan bíi ṣúgà tó jóná, tí mi ò pàdé rí nínú ìgò tútù. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní parọ́. Síbẹ̀, owó ọtí yìí ni mo fi ń rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Ẹni tó bá ní kó tutù, tútù ni màá gbé fún un.

Ọmọ Oníre

Ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹmu nílẹ̀ Èkìtì, ẹ ò dárúkọ Ìrè! "Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀." Àwọn bàbá wa ní nígbà tó ti ojú ogun dé, ó bá wọn níbi orò tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti lanu sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, wọn ò dáhùn. Ó gbé kèrègbè, òfìfo. Ló bá yọ idà. Ẹ rí i pé ẹjọ́ kèrègbè òfìfo kì í ṣe kékeré lọ́dọ̀ wa.

Ìrírí tèmi ò dùn tó ti ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀bá títì ni mo ti ra ẹmu kan, mi ò ní dárúkọ ìlú, àmọ́ kì í ṣe Ìrè. Ó funfun, ó ń hó, ó dùn. Ó tiẹ̀ dùn jù. Ẹmu àárọ̀ máa ń dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó dìrọ̀lẹ́, adùn yẹn á ti máa relé, ẹmu á ti máa le, torí ìwúkàrà ń jẹ ṣúgà inú ẹ̀. Èyí tí mo gbé délé yìí, mo fi mọ́jú, bó ṣe dùn lánàá náà ló ṣì ń dùn. Omi àti ṣákárìn ni wọ́n lú mọ́ ọn. Ìwúkàrà ò lè jẹ ṣákárìn, ibẹ̀ làṣírí ti tú. Ní báyìí, ọ̀dọ̀ adẹ́mu tí mo bá rí igbà léjìká ẹ̀ ni mo ti ń rà. Bí oyin mélòó kan bá sì kú sínú hóhò ẹmu ẹ̀, ọkàn mi a túbọ̀ balẹ̀, màá yọ wọ́n dà nù, màá máa mu tèmi lọ.

Ará Ìdó, láti London

Kúkúrú ni tèmi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mu Guinness nínú ilé ọtí níbí, mo ní wọ́n ti fi omi là á. Agbára ẹ̀ ò ju 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ 7.5 ni tilé tí mo mọ̀. Ọmọ Ireland kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní tiwa ni kò tọ̀nà. Mo lọ ra ti Nàìjíríà fún un ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa ní Peckham. Ó mu ún dé ìdajì, ó wo ara ìgò, ó ní kí ni wọ́n fi pọn ọ́n. Mo ní ọkà bàbà wà níbẹ̀. Kò gbà, àfìgbà tí mo sọ ti 1988 fún un, nígbà tí ìjọba fòfin de mọ́ọ̀tì báálì, ìyẹn báálì tí wọ́n mú hù tí wọ́n sì sá gbẹ, tó ń ti òkè òkun wá, tí àwọn iléeṣẹ́ ọtí fi sáré lọ sídìí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ó ní kí n bá òun ra òmíràn bọ̀.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Ẹ̀gbọ́n Atọ́tíwò, mo kí yín sà. Èmi ń pọn tèmi nínú ilé.

Ọkà bàbà ni mò ń lò. Mo máa ń rẹ ẹ́, kí n tẹ́ ẹ sórí àpò tútù kó hù. Bó bá ti yọ ẹnu díẹ̀, màá sá a gbẹ, màá lọ̀ ọ́ láì jẹ́ kó kúnná. Híhù yẹn ló ń mú ohun tó máa sọ sítáàṣì di ṣúgà jáde. Ẹni tó bá fò ó, ògì ló sè.

Ìyọnu ọkà bàbà ni pé sítáàṣì ẹ̀ ń fẹ́ ooru ju ti báálì lọ kó tó rọ̀. Mọ́ọ̀tì báálì, nǹkan bíi 65°C ti tó o. Nígbà tá a lọ sí Ìkógòsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ya fọ́tò níbi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù. Ohun tí èmi ń rò ni pé omi yìí ń jáde lórísun ní nǹkan bíi 38°C, ilẹ̀ ti bá wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi bíà kaná! Ṣùgbọ́n kò tíì gbóná tó fún báálì. Ká má tíì wá sọ ti ọkà bàbà. Ọgbọ́n tí mò ń dá ni pé màá kọ́kọ́ po ìyẹ̀fun náà sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, màá jẹ́ kó silẹ̀, màá wá rọra ré omi orí ẹ̀ sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni agbára híhù náà wà. Màá se ìyókù títí tó fi máa ki, màá jẹ́ kó tutù wá sí bíi 65, kí n tó da omi àkọ́kọ́ yẹn padà sí i. Láàárín wákàtí díẹ̀, ohun tó ki yẹn á ti ṣàn bí omi, á sì dùn lẹ́nu.

Hops, òdòdó tí wọ́n fi ń mú bíà korò, kì í ṣe dáadáa nílẹ̀ wa, ó ń fẹ́ ọ̀sán tó gùn ju tiwa lọ. Àwọn onímọ̀ wa ti dán ewúro àti orógbó wò dípò ẹ̀. Ewúro ẹ̀yìnkùlé ni mo já, mo sá a níbi òjìji, mo dì í sínú aṣọ, mo sè é mọ́ ọtí. Kíkorò ẹ̀ kì í tètè wá. Wàá ti gbé e mì tán kó tó dé, á wá jókòó sí ìdí ahọ́n. Òórùn òdòdó tí hops ní ò sí níbẹ̀ rárá, torí náà mo fi èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i. Ìgbà ọyẹ́ ni mo máa ń pọn ọ́n, torí orí òkè là ń gbé, alẹ́ ibí tutù. Bí ooru bá mú, ìwúkàrà á máa ṣe wàràwàrà, gbogbo ọtí á máa rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù.

Ará Ajílósùn, Adó-Èkìtì

Àbúrò, o káre. Orógbó ńkọ́, o dán an wò?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Mo dán an wò sà. Mo rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ sí i. Ó ń gbẹ èèyàn lẹ́nu jù. Ewúro ni mo dúró tì.

Ìyá Ọlọ́tí, Ìkẹ́rẹ́

Ẹ fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sílẹ̀ ná. Èló ni ìgò kan?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Mà, mi ò tíì gba nọ́mbà NAFDAC, mi ò lè tà á. Ṣùgbọ́n mò ń bọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, màá gbé díẹ̀ wá fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọn ìgò ẹ̀ o, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà nísàlẹ̀.