Kí ló dé tí omi gọ́tà wa fi ń mọ́ lọ́jọ́ tí wolé-wolé bá ń bọ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ aláṣọ kan ní Ọ̀tà ni mò ń gbé. Gọ́tà iwájú ilé mi ni omi aró wọn ń gbà kọjá: lónìí á pupa bí osùn, lọ́la á dúdú kirikiri. Àmọ́ bí a bá jí tí omi náà mọ́ lójijì, a ti mọ̀ pé mọ́tò àwọn wolé-wolé máa yọ kí oòrùn tó kan àtàrí. Kì í tàsé. Ta ló ń ta wọ́n lólobó? Ṣé rìbá ni?

Àlàbí: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà nírú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́yìn ilé yín. Èmi gan-an ni wọ́n máa ń pè. Mi ò rí wọn kí wọ́n gba owó rí. Wọn ò lówó epo ni, ọ̀gá wọn á wá pè mí lálẹ́ pé, “Àlàbí, ẹ fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa láàárọ̀ ọ̀la.” Ó parí náà nìyẹn. Lóru ọjọ́ yẹn la máa tan ẹ̀rọ tó ń fọ omi ìdọ̀tí, èyí tí a ti pa látọjọ́ yìí nítorí owó dísẹ́ẹ̀lì. Tó bá di aago mẹ́sàn-án, wọ́n á bu omi sínú ike, á mọ́ gaara. Èmi ni mo máa ń dé ike náà. Ó ṣì ń dùn mí.

Ìwé àyẹ̀wò tí òfin ní ká ṣe lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta ńkọ́? Onímọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí ló ń kọ ọ́, ilé iṣẹ́ ló ń sanwó fún un.

Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé kí wolé-wolé má mọ ilé iṣẹ́ dáadáa o. Ọ̀kan wà nínú wọn tó máa ń gun ọ̀kadà ara rẹ̀ wá, láìpe ẹnikẹ́ni. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń da álọ́ọ̀mù sómi aró kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kí omi òkè tòrò. Lọ́dún tó fi ń bọ̀ yẹn, ojoojúmọ́ la ń fọ omi. Ọ̀rẹ́ wa ni, ṣùgbọ́n kò wọ ọkọ̀ wa rí.

Ọmọ Ìlàjẹ: Bọ̀dá Àlàbí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ni gbogbo ẹ̀. Àwọn NOSDRA, àjọ ìjọba tó ń rí sí epo rọ̀bì tó bá dà sílẹ̀, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ epo náà ni wọ́n sábà máa ń bá lọ wò ó. Ní Bodo, ní Ogoni, lọ́dún 2008, ìwé àyẹ̀wò ní àgbá 1,640 ló dànù. Onímọ̀ tí Amnesty International, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gbé fídíò epo tó ń dà náà fún ní ó lé ní àgbá 100,000. Ìgbà tí àwọn ará ìlú gbẹ́jọ́ dé London ni Shell, ilé iṣẹ́ epo náà, tó gbà láti san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn, ní 2015.

Àlàbí: Ìyá Ìbejì, ẹ máa bu omi náà lọ́jọ́ tó bá pupa, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i lára. Kí ẹ wá fi òfin 2011 tó fún ará ìlú láṣẹ láti béèrè ìwé ìjọba kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì àwọn wolé-wolé: ẹ béèrè èsì omi tí wọ́n bù. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti bu tòní, ike Rágólíìsì méjì. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù kí àwọn ìbejì má rò pé sobo ni.