Ẹsẹ̀ ń kú kí àṣàrò tó wọra: kí ni ká yí padà?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa l'Ájàṣẹ́, ẹ kú ojúmọ́ o. Ìdúró yóga tí à ń ṣe ṣáájú àṣàrò ni ológbò àti màlúù (ọwọ́ àti orúnkún nílẹ̀, ká máa gbé ẹ̀yìn sókè, ká sì máa tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀), ìṣẹ́jú 3, ẹyẹlé (ẹsẹ̀ kan ní kíká síwájú, èkejì ní nínà sẹ́yìn), ìṣẹ́jú 2 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà labalábá (ìjókòó, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì pàdé, orúnkún ṣí síta). Àṣàrò, ní ìjókòó nílẹ̀, wá di ìṣẹ́jú 20. Kó tó pé 12, ẹsẹ̀ òsì ti kú, ẹ̀yìn ti tẹ̀.

Bí orúnkún bá ga ju ìbàdí lọ, ìbàdí á yí sẹ́yìn, ẹ̀yìn á sì tẹ̀. Aṣọ tí a ká sábẹ́ ìdí ga tó ìka mẹ́rin. Ṣé ká fi kún un ni, àbí ká kúkú jókòó sórí àpótí? (Orúnkún tó bá ń ro ní tirẹ̀, a kì í fara dà á, ńṣe là ń dìde.)

Ẹyẹlé ńkọ́, ṣé ìṣẹ́jú 2 tó?