Pósí òkúta kan, orúkọ ẹni méjì: ta ló ni ibojì yẹn gan-an?

Arìnrìnàjò_Ìjẹ̀bú

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ìbéèrè kan tí kò jẹ́ kí n sinmi látìgbà tí mo ti dé. Ìjọ wa ló kó wa lọ sí Tọ́kì lọ wo ibi tí àwọn ìjọ méje inú Ìfihàn wà, a dé Éfésù, a dé Laodikea, wọ́n wá kó wa gun òkè lọ sí Hierapolis, ìyẹn Hierapoli tí Pọ́ọ̀lù dárúkọ nínú Kólósè 4:13, ibi tí omi gbígbóná ti ń ṣàn tí gbogbo òkè wá funfun báláú bí òwú. Àwọn kan sáré lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi, àwọn tó kù lọ wo ibi tí wọ́n ní wọ́n sin Fílípì Àpọ́sítélì sí, èmi ní tèmi ìtẹ́ òkú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló gbà mí lọ́kàn. Ẹ gbọ́, ibojì tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, òmíràn rí bí ilé, òmíràn jẹ́ pósí òkúta ràgàjì tó dá dúró, wọ́n sì gbẹ́ ìwé Gíríkì sí i lára.

Mo ya ọ̀kan ní fótò. Gáìdì wa ní ọ̀rọ̀ méjì ló wà lára ẹ̀, pé àwọn kan ti fi irin họ ti àkọ́kọ́ kúrò wọ́n wá kọ orúkọ ẹlòmíì lé e, ó ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ẹni tó bá sin òkú míì sínú ẹ̀ máa sanwó ìtanràn. Mo wá bi í pé ṣé ẹni kejì yẹn sanwó ìtanràn ti ẹni àkọ́kọ́ ni, kò tíì dáhùn tí bọ́ọ̀sì fi ń fọn fèrè pé ó ti yá.

Ẹ bá mi dá sí i. Ẹni tó ti gba pósí, tó kọ orúkọ sí i, tó fi owó ìtanràn dè é, báwo lẹlòmíì ṣe wá dénú ẹ̀? Ṣé wọ́n jí i ni àbí wọ́n tà á fún un? Egungun ẹni àkọ́kọ́ wá ńkọ́? Mo sin màmá mi lọ́dún tó kọjá, bóyá ìyẹn náà ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára tó báyìí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Gíríkì

Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ sì kú ara fẹ́ra kù, Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Inú mi dùn pé ẹnìkan dúró wo àwọn pósí yẹn, torí Gíríkì ni mò ń kọ́, àwọn ọ̀rọ̀ ara ibojì yìí ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀.

Gáìdì yín sọ òótọ́. Ohun tí wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà láti orí ibojì kan dé èkejì. Tí n bá sọ ọ́ di Yorùbá, bó ṣe máa ń lọ rèé: «Pósí yìí àti ilẹ̀ tó yí i ká, ti Lágbájá ni. Inú ẹ̀ ni wọn yóò sin ín sí, òun àti ìyàwó ẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Ẹlòmíì kankan kò láṣẹ àtisin òkú síbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò san 500 dẹ́nárì sí àpò ìjọba. Ẹ̀dà ìwé yìí wà nílé tí ìlú ń kó ìwé pamọ́ sí.» Soros ni wọ́n ń pe pósí yẹn ní Hierapolis. Iye owó yẹn máa ń yàtọ̀, ẹ lè rí 300, ẹ lè rí 1,000, ẹ sì lè rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kíyè sí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, torí òun lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Ẹ̀dà wà nílé ìwé ìlú. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ rí lára òkúta yẹn kì í ṣe ìhàlẹ̀ lásán, ìwé ohun ìní ni, bí ìgbà téèyàn bá ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ tí ẹ̀dà ẹ̀ sì wà lọ́fíìsì ìjọba. Ẹjọ́ tó bá dé, wọ́n á lọ gbé ẹ̀dà jáde. Òkúta yẹn wà kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ́nà lè kà á ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ìdí tí wọ́n fi ní kí owó ìtanràn lọ sápò ìjọba tàbí ti ìlú tàbí ti ẹgbẹ́ àwọn àgbààgbà kò ṣòro. Ta ló sábà máa ń tú ibojì bàbá? Àwọn ọmọ, àwọn àjogún! Olè ojú ọ̀nà wà lóòótọ́, àmọ́ ọmọ-ọmọ tí owó ti tán lọ́wọ́ ẹ̀ ló mọ̀ pé pósí ńlá wà níbẹ̀ tóun lè tà. Torí ẹ̀ lolówó ibojì ṣe máa ń wá ẹni tí kì í kú fi ṣọ́ ọ, ìlú kì í kú, àpò Késárì kì í kú. Ní Likia, níbi tí ìlú Mira inú Ìṣe 27 wà, wọ́n tún máa ń kọ ọ́ pé ẹni tó bá tú àṣírí á gba ìdá kan nínú mẹ́ta owó yẹn. Ní Termessos ní Pisidia, òrìṣà wọn Zeus Solymeus ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n kówó ọ̀hún fún. Ní Likia yìí kan náà, wọ́n máa ń ṣe yàrá kékeré kan sábẹ́ pósí, ibẹ̀ ni wọ́n ń sin àwọn ẹrú àti ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ sí, olówó á wà lókè, ará ilé ẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Ìyẹn máa ń dùn mí tí mo bá ń kà á, àmọ́ ó kéré tán wọ́n fún wọn láyè.

Lọ́yà_Òṣogbo

Ẹ ṣeun Akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú ti òfin wá, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn sí «jíjí àbí títà» wà.

Lábẹ́ òfin Róòmù, ilẹ̀ tí wọ́n bá ti sin òkú sí ti di ilẹ̀ ọ̀wọ̀, ó ti kúrò lọ́jà, kò ṣeé tà kò ṣeé rà. Amòfin wọn Gaius sọ pé òkú tí a bá gbé sórí ilẹ̀ tiwa ló ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ó fi kún un pé ilẹ̀ àwọn ìgbèríko tí Róòmù ń ṣàkóso, bíi ti Éṣíà yìí (apá ìwọ̀ oòrùn Tọ́kì òde òní), kì í dà bẹ́ẹ̀ pátápátá lójú òfin ṣùgbọ́n wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un bákan náà. Ohun téèyàn lè jogún ni ẹ̀tọ́ àtisìnkú síbẹ̀. Wọ́n tún pín in sí méjì, ibojì ti ìdílé àti ibojì tó ń bá ogún lọ, ìyàtọ̀ yẹn sì lágbára gan-an torí àjogún lè jẹ́ àjèjì tí kò bá yín tan rárá, ẹni tí olóògbé kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ìpíngún. Èèyàn tí kò fẹ́ kí àjèjì wọlé á kọ ọ́ sára òkúta pé ibojì yìí ò bá àwọn àjogún lọ.

Àmọ́ o! Amòfin míì, Ulpian, sọ ọ́ gbangba pé tí ibojì bá ṣì mọ́, tí òkú ò tíì wọ inú ẹ̀, olówó ẹ̀ lè tà á ó sì lè fi tọrẹ. Àwọn èèyàn yìí sì máa ń ṣe ibojì wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ààyè lòun wà tóun fi ṣe é. Ẹ wá rò ó wò, ọkùnrin kan ṣe pósí sílẹ̀, ó kọ orúkọ ẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá òwò bàjẹ́ tàbí ó kó lọ sílùú míì, ó ta pósí tí ẹnikẹ́ni ò tíì dùbúlẹ̀ sí, ẹni tó rà á họ orúkọ ẹ̀ kúrò ó kọ tiẹ̀. Ìyẹn ò rú òfin kankan. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo orúkọ tí wọ́n bá họ ni wọ́n jí ibojì ẹ̀, ẹ má tètè pe ẹni kejì lólè.

Tó bá wá jẹ́ pé wọ́n hú òkú kúrò, ìyẹn ẹjọ́ ńlá ni. Àwọn ará ilé olóògbé lè pẹjọ́, tí wọn ò bá sì pè é, ẹnikẹ́ni láàárín ìlú lè pè é, owó tó wà nídìí ẹ̀ jẹ́ 100 owó wúrà.

ÌyáÌbejì_Leeds

Mo ń ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ẹ ṣé gan-an, ṣùgbọ́n ó ń yà mí lẹ́nu. Tí òfin bá le tó báyìí, tí ìlú wà níbẹ̀ tí ẹni tó máa tú àṣírí náà ń retí ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ló dé tí àwọn pósí tí wọ́n tún lò fi pọ̀? Ṣé kì í ṣe pé ìwé ara òkúta yẹn ò ṣiṣẹ́ rárá ni? Èmi ò rò pé owó lè ṣọ́ òkú. Èèyàn ló ń ṣọ́ òkú, tí kò bá ti sí ẹni tó rántí ẹ mọ́ ó ti tán.

Akẹ́kọ̀ọ́_Gíríkì

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ yín bá mi lára mu, àwọn kan nínú wọn náà sì rò ó bẹ́ẹ̀. Pósí kan wà ní Hierapolis yìí kan náà, ti Publius Aelius Glykon àti ìyàwó ẹ̀ Aurelia Amia. Wọ́n kọ ohun tí gbogbo ayé ń kọ, òun àti aya àti ọmọ, kí ẹlòmíì má wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó tún ṣe nǹkan míì. Ó kó 200 dẹ́nárì fún ẹgbẹ́ àwọn aláró elésè àlùkò, pé kí wọ́n máa fi èlé orí owó yẹn wá fi òdòdó dé ibojì òun ládé lọ́dọọdún, nígbà Àjọ Àìwúkàrà. Ó kó 150 fún ẹgbẹ́ àwọn ahunṣọ kápẹ́ẹ̀tì, ìdajì fún ọdún Kalends, ìyẹn ọdún tuntun àwọn ará Róòmù, ìdajì fún Pẹ́ńtíkọ́sì. Torí àwọn àjọ yẹn lọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ṣe rò pé Júù ni, tàbí ó sún mọ́ wọn. Ẹ ò rí i pé owó yẹn gan-an ló fi ra èèyàn tó máa wá? Níwọ̀n ìgbà tí ẹgbẹ́ aláró bá ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún tí wọ́n ń pín èlé, ta ló fẹ́ gbé òkú wọ inú pósí yẹn tí wọn ò ní rí i?

Nǹkan kejì tó yẹ ká rántí ni àyè. Kì í ṣe gbogbo ibojì ni wọ́n ti pa. Flavius Zeuxis, oníṣòwò ará Hierapolis tó kọ ọ́ sára ibojì ẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejìléláàádọ́rin lòun wọkọ̀ ojú omi kọjá etí òkun Malea ní gúúsù ilẹ̀ Gíríìsì lọ sí Ítálì (72! ẹ wo ewu inú ẹ̀), òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ méjì ni ibojì yẹn wà fún, ó wá fi kún un pé àti ẹnikẹ́ni táwọn ọmọ náà bá fún láyè. Nítorí náà ẹ lè rí orúkọ àjèjì lára pósí kó sì jẹ́ pé wọ́n fún un láyè ni, kò jí i. Ní Éfésù wọ́n tún máa ń kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sí ìdí orúkọ, zē, ìtumọ̀ ẹ̀ ni «ó ṣì wà láyé», kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé àyè yẹn ní ẹni tó ń dúró dè é.

Àmọ́ mi ò ní bo òótọ́ mọ́lẹ̀, òkúta yẹn ń ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ilé ìwé ìlú bá ń ṣiṣẹ́ ni. Ọjọ́ tí ilé ìwé bá wó, tí ẹgbẹ́ aláró bá tú ká, mábù lásán ló kù.

Bọ̀dé_onítàn

Ẹ ṣé tí ẹ dé ibẹ̀, torí bó ṣe rí gan-an nìyẹn nígbà tí àwọn Késárì di onígbàgbọ́. Lọ́dún 349 wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá wó ibojì tó sì kó mábù ẹ̀ máa san wúrà tó wọn pọ́n-ùn kan lórí ibojì kọ̀ọ̀kan. Kí ló fà á? Wọ́n ń sun mábù ibojì di láìmù tí wọ́n ń fi kọ́lé! Gregory ará Nasiansu, bíṣọ́ọ̀bù tí ilé ẹ̀ wà ní Kapadosia, kọ ọ̀pọ̀ ewì kúkúrú tó fi ń bá àwọn tó ń tú ibojì wí, torí wúrà ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ò bá dun kì í kọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí, «sarcophagus» yẹn fúnra ẹ̀, ajẹran-ara ni ìtumọ̀ ẹ̀ ní Gíríkì. Òkúta Asosi ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀, ìlú tí Pọ́ọ̀lù fẹsẹ̀ rìn lọ nínú Ìṣe 20:13. Pliny ará Róòmù kọ ọ́ pé òkú tí wọ́n bá gbé sínú ẹ̀ máa jẹ tán láàárín 40 ọjọ́, àfi eyín. Èmi ò gba 40 ọjọ́ yẹn gbọ́, mi ò sì gbà pé eyín nìkan ló ń kù, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n ń retí, pé ẹran ara á lọ, egungun á kù, wọ́n á sì lè sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdáhùn sí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n lórí egungun nìyẹn. Àwọn awalẹ̀pìtàn máa ń bá egungun èèyàn púpọ̀ nínú ibojì kan ṣoṣo, tí wọ́n wà pa pọ̀.

Arìnrìnàjò_Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣé, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti fẹ fótò yẹn lórí fóònù. Lókè, ibi tí wọ́n họ, mi ò rí nǹkan kan àyàfi ìlà fẹ́ẹ́rẹ́. Nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dà bí ΑΥΡ, lẹ́yìn náà orúkọ gígùn kan, lẹ́tà kan sì wà tó dà bí C tó ń fara hàn léraléra. Nọ́ńbà wà níparí pẹ̀lú àmì kan tó dà bí ìràwọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Gíríkì

Á à, ẹ̀gbọ́n, ohun tí mò ń wá gan-an lẹ rí yẹn! C yẹn, sigma ni, lẹ́tà «s», bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé Róòmù nìyẹn. Ìràwọ̀ yẹn, X tí wọ́n fi ìlà gba àárín ẹ̀ kọjá ni, àmì dẹ́nárì. ΑΥΡ, Aurelius tàbí Aurelia ni wọ́n gé kúrú. Lọ́dún 212 Késárì Caracalla sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọmọ ilẹ̀ tí kì í ṣe ẹrú di ọmọ Róòmù, orúkọ ìdílé ẹ̀ Aurelius ni àwọn tuntun náà sì gbà, débi pé ibojì ẹ̀yìn ọdún yẹn kún fún Aurelius bámúbámú. Nítorí náà ó jọ pé ẹ̀yìn 212 ni ẹni kejì yín wọlé, àwọn èèyàn ti ń sìnkú sí ìtẹ́ yẹn tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà.

Ẹ tún wò ó, òun náà kọ owó ìtanràn. Ẹni tó họ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì kúrò ló tún ń bẹ ìlú pé kí wọ́n má jẹ́ kí wọ́n họ tòun. Fún èmi, ìyẹn jọ ìwà ẹni tó gbà á lọ́nà ẹ̀tọ́, torí ẹni tó bá jí nǹkan kì í gbé ẹ̀dà ìwé ẹ̀ lọ fún ìjọba. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra láìrí ìlà tó gbẹ̀yìn. Tí ẹnìkan nínú ìjọ yín bá tún ń lọ, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó ya ẹ̀gbẹ́ òsì pósí náà pẹ̀lú, lówùúrọ̀ kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ń tàn láti ẹ̀gbẹ́, ìgbà yẹn ni lẹ́tà tí wọ́n họ máa ń yọ jáde.