Ta Ló Rántí Kingsway ní Marina? Ẹ Wá Sọ Ohun Tí Ojú Yín Rí

Ọmọ Lafiaji:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ mi obìnrin jọ wà nínú ọkọ̀ ní Marina, mo sì ń júwe fún awakọ̀ pé kí ó já wa sílẹ̀ níwájú ibi tí Kingsway wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ yìí wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ṣọ́ọ̀ṣì wo nìyẹn?" Mo rẹ́rìn-ín títí, àfìgbà tí mo délé ni ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ilé ìtajà tí iléeṣẹ́ UAC ṣí ní ọdún 1948, tí gbogbo wa fi ń júwe ọ̀nà, ni ọmọ mi rò pé wọ́n ti ń gbàdúrà. Ẹ̀yin tí ẹ wọ ibẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ṣiṣẹ́ ní agbègbè náà, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí nígbà tí nǹkan ń yí padà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí.

Àdùkẹ́ Yàbá:
Kérésìmesì ọdún 1975 ni tèmi. Ẹ rántí pé ọdún náà ni owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù, bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí àwọn bàbá wa tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ di ẹni tó ń bèèrè iye ọkọ̀. Akọ̀wé ni bàbá mi, ó sì ti ṣe ìlérí pé òun yóò mú wa lọ rí Bàbá Kérésì ní Kingsway. Ọmọ ọdún 7 ni mí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rántí ni otútù: bí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù gbá wa lójú pẹ̀lú òórùn lọ́fínńdà, àbúrò mi ọkùnrin sì bú sẹ́kún pé òtútù ń mú òun, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn ganrínganrín ní ìta. A tò lórí ìlà fún ohun tó tó wákàtí kan. Nígbà tó kàn mí, ẹni tó jókòó sórí àga náà fi òwú ṣe irùngbọ̀n, ó wọ aṣọ pupa, ṣùgbọ́n pélé wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì gbagada. Ó fi Òyìnbó bi mí ní orúkọ mi, n kò dáhùn. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì, n kò dáhùn. Ni ó bá tẹ̀ síwájú, ó fi Yorùbá tó ní ohùn Ìjẹ̀bú sọ fún mi pé kí n tètè dáhùn, àwọn èèyàn ń dúró lẹ́yìn. Ara mi wá balẹ̀! Mo sọ orúkọ mi, oríkì mi, àti orúkọ ìyá ìyá mi pàápàá. Ọmọlángidi tó ń di ojú bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni wọ́n fún mi. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi kí a tó kúrò níbẹ̀, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ìgbà tí àlejò bá wá nìkan ni ó ń jáde, kí wọ́n lè rí i pé a lọ sí Kingsway.

Onígègé:
Ṣé ó dá yín lójú pé Kingsway ni, kì í ṣe ilé ìtajà Leventis? Bàbá Kérésì Leventis ni èmi mọ̀ tó ní ilà.

Àdùkẹ́ Yàbá:
Kingsway ni, sà. Ìwé tí wọ́n fi di ọmọlángidi náà wà lọ́wọ́ ìyá mi fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ ilé ìtajà náà sì wà lára rẹ̀.

Ọmọ Ìdúmàgbò:
Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí kan. Bàbá mi ni Bàbá Kérésì ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtajà Marina fún oṣù Kejìlá mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn. Olùtọ́jú ẹrù ni wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n sanra tí ohùn wọn sì nípọn, àwọn ọ̀gá wọn ní kí wọ́n máa wọ aṣọ náà. Mùsùlùmí paraku ni bàbá mi. Bí àkókò Àsárì bá tó, wọn á wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, wọn á yọ irùngbọ̀n òwú náà, wọn á ṣe àlùwàlá, wọn á sì kírun nínú aṣọ pupa náà, nítorí pé bíbọ́ rẹ̀ àti wíwọ̀ rẹ̀ yóò gbà tó ìdajì wákàtí. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, ìyá mi á fọ irùngbọ̀n náà, wọn á sì sá a sórí okùn aṣọ lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ìró àti síńgílẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan, ọmọ àjọgbé wa rí i, ó sá lọ bá ìyá rẹ̀ pé àwọn ará ilé wa ti pa Bàbá Kérésì.

Ìyá Balógun:
Háà! Ẹ ò ní pa mí. Mo ń ka eléyìí nínú ìsọ̀, àwọn oníbàárà mi ń wò mí.

Àdùkẹ́ Yàbá:
@Ọmọ Ìdúmàgbò, ẹ dákun, ṣé Ìjẹ̀bú ni bàbá?

Ọmọ Ìdúmàgbò:
Rárá o, Òṣogbo ni. Wọn kò sì ní pélé. Ẹlòmíràn ni tiyín.

Kò-dá-mi-lójú:
N kò fẹ́ ba ìtàn jẹ́, ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé níbikíbi tí wọ́n bá ti dárúkọ Bàbá Kérésì, ọmọ rẹ̀ kì í jìnnà. Ẹ fún wa ní ẹ̀rí.

Ìyá Balógun:
Ẹ̀yin ọmọ akọ̀wé, ẹ ti sọ tiyín, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. N kò fi bẹ́ẹ̀ ra nǹkan ní Kingsway rí, síbẹ̀ mo wọ ibẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ. Ìyá mi ń ta àwo àti ìkòkò ní ọjà Balógun ṣáájú ogun Biafra, kí a tó máa ná náírà. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọn á wọ aṣọ ilé ìwé fún mi, wọn á rán mi lọ sí Kingsway pé kí n lọ wo iye tí wọ́n kọ sára àwo. N kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, orí ni mo ń gbé e sí. Bí wọ́n bá kọ ṣílè mẹ́wàá sí i níbẹ̀, tiwa á di ṣílè mẹ́jọ àti sísì, oníbàárà sì lè ná an wálẹ̀. Àwọn obìnrin ńlá ńlá á kọ́kọ́ lọ wo ọjà ní Kingsway, nínú otútù, wọ́n á fọwọ́ pa á, wọ́n á mọ èyí tí wọ́n fẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á gba ẹ̀yìn wá bá wa. Nígbà tí wọ́n bá sì ṣe àlejò, wọ́n á ní Kingsway ni àwọn ti rà á. Ẹ máa bá a lọ, mo ń gbọ́ yín.

Ọmọ Lafiaji:
Ìyá mi gan-an lẹ ń sọ yìí. Inú àpò bébà Kingsway ni wọ́n máa ń kó ohun tí wọ́n bá rà ní Balógun sí.

Alàgbà Akọ̀wé-fẹ̀yìntì:
Ẹ̀rín dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ bí nǹkan ṣe bàjẹ́. Mo ṣiṣẹ́ fún ọdún 11 ní ilé ìtajà ńlá kan ní Marina, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ. Òkèèrè ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà wa ti ń wá. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí ìjọba Shagari sì ṣe òfin ní oṣù Kẹrin ọdún 1982 láti dín ìkọ́jàwọlé kù, ẹni tí kò bá rí ìwé àṣẹ gbà kò lè kó ohunkóhun wọlé. Títí di ọdún 1984, nígbà tí gbogbo ìlú ń tò fún ẹsẹ́ǹkò, ìyẹn ọjà kòṣeémánìí, tí ìyá ọlọ́mọ ń sùn síta nítorí wàrà àti ọṣẹ, pẹpẹ tiwa ti ṣófo. Ọ̀gá wa kò fẹ́ kí oníbàárà rí òfìfo. Ó ní kí a máa to bébà ìnùdí sí iwájú pẹpẹ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìlà kan ṣoṣo, kí a sì fi páálí òfìfo gbé e dúró lẹ́yìn. Mo to bébà ìnùdí síbi tí mo ti ń to ife dígí. Lọ́jọ́ kan obìnrin kan fa ọ̀kan yọ láàárín, gbogbo rẹ̀ sì ya wálẹ̀, ó wá rí mi níhà kejì níbi tí mo jókòó sí tí mò ń jẹ ẹ̀bà.

Lẹ́yìn náà ni SAP, ètò ìjọba láti tún ọrọ̀ ajé tò, dé. Ní ọdún 1985, náírà kan ṣì níye lórí ju dọ́là kan lọ. Kí ọdún 1986 tó parí, ó ti ju ₦3 lọ kí a tó rí dọ́là kan. Owó oṣù akọ̀wé kò kúrò lójú kan, bẹ́ẹ̀ akọ̀wé ni oníbàárà wa. Ìjọba ló pa wá.

Ọ̀dọ́ Lẹ́kì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, ìbéèrè ni mo fẹ́ bi yín. Bí SAP bá pa àwọn ilé ìtajà Marina, kí ló dé tí kò pa Balógun? Ìlú kan náà ni, náírà kan náà ni, bí ẹsẹ̀ bá sì yá, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó wà láàárín wọn.

Kò-dá-mi-lójú:
Ìbéèrè nìyẹn.

Ìyá Balógun:
Èmi ni kí ẹ bi. Wọn kò fún wa ní ìwé àṣẹ kankan, a kò sì tọrọ rẹ̀. Àwa mẹ́fà dá àjọ, ẹni tó bá kàn á lọ sí Kùtọnú, á ra ọjà fún gbogbo wa. Bí ó ṣe gba ẹnubodè wọlé, ẹ má bi mí, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń jẹ́ fàyàwọ́. Ilé ìtajà tó ní ìwé ìṣirò owó, tó ní ọ̀gá ní ìlú òyìnbó, kò lè ṣe fàyàwọ́. A kì í tan ẹ̀rọ amúlétutù, a kì í san owó ìfẹ̀yìntì fún ẹnikẹ́ni. Bí ọjà bá gbówó lórí láàárọ̀, a ti yí iye padà kí ọ̀sán tó pọ́n, nígbà tí àwọn ṣì ń dúró de ìwé láti ọ́fíìsì. N kò fi ṣe ìyangàn o. Lọ́dún tí nǹkan le jù, ìyá mi pàdánù gbogbo ẹrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè, ọdún mẹ́ta ni ó fi san gbèsè àjọ.

Alàgbà Akọ̀wé-fẹ̀yìntì:
Ìyá, mo gba ti yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé àwọn oníbàárà náà kó lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni wọ́n gbé olú-ìlú lọ sí Abùjá, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba sì tẹ̀lé e, àwọn akọ̀wé tó ń wọlé wá ra nǹkan lọ́jọ́ tí owó oṣù bá bọ́ di ará Abùjá. Àwọn tó kù ti kọ́ ilé sí òkè odò, ta ni yóò tún gba orí afárá padà wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó nítorí kẹ́tùlù? Àwa tí a dàgbà mọ Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì, ìyẹn Marina yìí, nígbà tí omi ọ̀sà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí èèyàn lè ra nǹkan tán kó rìn lọ sí etí omi láti gba atẹ́gùn. Wọ́n ti fi iyanrìn dí ibẹ̀, wọ́n sì la títì mìíràn sórí rẹ̀.

Ará Dùgbẹ̀:
Ẹ̀yin ará Èkó kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé Kingsway wà ní Ìbàdàn náà, ní Dùgbẹ̀, nítòsí Cocoa House? Ilé alájà 26 tí a fi owó kòkó kọ́, tí a parí ní ọdún 1965, ni àwa fi ń ṣe fáàrí sí yín. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kíní ọdún 1985 tí iná jó o, Mọ́kọ́lá ni mo ti rí èéfín náà. Mo rò pé ọjà ló ń jóná. Kò tún sí bí a ṣe lè máa lọ rajà lábẹ́ ilé tó dúdú bẹ́ẹ̀, gíláàsì ń já bọ́, ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣe tí wọ́n sì ṣí i padà. Wọ́n sì ti kó ọjà Dùgbẹ̀ lọ sí Aléṣinlọ́yẹ́. Nígbà tí wọ́n wá kọ́ ilé ìtajà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ Cocoa House, tí Shoprite wọ ibẹ̀, ọmọ mi mú mi lọ. Mo mú ṣíbí ìrokà kan, mo bi ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ pé èló ni ó máa kẹ́yìn. Ó ní, "Mọ́mì, kọ̀ǹpútà ni kí ẹ bá ná an."

Ìyá Balógun:
Ọmọ yẹn gbọ́n. Kí ó wá bá mi ṣiṣẹ́.

Ọ̀dọ́ Lẹ́kì:
Ní àdúgbò tiwa, wọ́n ṣí ilé ìtajà ńlá The Palms ní ọdún 2005, ibẹ̀ ni èmi ti mọ ohun tó ń jẹ́ àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀. Bí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ Kingsway yìí ni mo ṣe ń rántí rẹ̀. Ní ọdún 2021, àwọn ará South Africa ta Shoprite Nàìjíríà fún àwọn olókòwò ilẹ̀ wa. Dọ́là ni wọ́n tún ń dárúkọ nígbà náà.

Onígègé:
Àtẹ̀gùn tó ń rìn kò bẹ̀rẹ̀ ní Lẹ́kì, ọmọ mi. Ìyá rẹ kò tíì lọ́kọ nígbà tí a ti ń gùn ún ní Marina.

Ọmọ Lafiaji:
Ṣé lóòótọ́ ni pé ara Kingsway ni Mr Bigg's ti yọ?

Alàgbà Akọ̀wé-fẹ̀yìntì:
Òótọ́ ni. Ilé oúnjẹ tó wà nínú Kingsway, tí wọ́n ń pè ní Kingsway Rendezvous, ni wọ́n sọ di Mr Bigg's ní ọdún 1986. Ọdún kan náà pẹ̀lú SAP. Ẹni tí kò lè ra firíìjì mọ́ ṣì lè ra míìtì páì kan fún ọmọ rẹ̀.

Kò-dá-mi-lójú:
Èyí mo gbà. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹ̀rí Bàbá Kérésì tó ń kírun.

Ọmọ Ìdúmàgbò:
Ẹ̀rí wà nílé. Wọ́n máa ń dá aṣọ pupa náà padà ní oṣù Kíní ọdọọdún, ṣùgbọ́n ní ọdún kẹta kò sẹ́ni tó bèèrè irùngbọ̀n náà. Ìyá mi ya á sí wẹ́wẹ́, wọ́n kó o sínú ìrọ̀rí, orí ìrọ̀rí náà sì ni bàbá mi ń sùn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè ya fọ́tò rẹ̀.

Àdùkẹ́ Yàbá:
Ẹ yà á, ẹ jọ̀ọ́.

Onígègé:
Ẹ wo etí ìrọ̀rí náà dáadáa. Leventis ni ẹ máa bá níbẹ̀.